Ọjọ́ Kọkàndínláàádọ́ta

Màmá kì í pe orúkọ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ooru wọ oko adìyẹ wọn ní ìhà Ẹgbẹ́dá, lẹ́yìn Ìbàdàn, "Ẹnjiníà" ni wọ́n ń pè mí, "ẹ" ni wọ́n sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ àbíkẹ́yìn wọn dàgbà jù mí lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2022, aago mẹ́fà kò tíì lù tí fóònù mi fi dún. Wọn ò dúró gba ìkí mi.

"Ṣé o ti jí? Wá wo ohun tí ẹ̀rọ rẹ fi ojú mi rí."

"O" yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ti ṣí ojú-ìwé tí a fi ń wo àwọn oko lórí fóònù. Oko Màmá ń tàn ní àwọ̀ ewé. Ooru: 33. Mo ní, "Màmá, 33 ló wà níbí o, kò sí wàhálà." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ibi tó ti jẹ́ 33 yẹn, lọ bá mi kó àwọn ọmọ adìyẹ mi wá níbẹ̀."

Nígbà tí mo débẹ̀, ilẹ̀ ṣì tutù rinrin. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ mọ́jú, tòun tìjì, atẹ́gùn sì ti gbá tapólì ẹ̀gbẹ́ kan ilé náà sókè. Ìkòkò èédú mẹ́ta tí wọ́n fi ń mú inú ilé gbóná ti kú fin-ín. Òròmọdìyẹ 500 ni wọ́n kó dé ní ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Bí òtútù bá mú òròmọdìyẹ, abẹ́ ẹlòmíràn ló máa ń wọ̀. Gbogbo wọn á kó jọ sí igun kan, àwọn tòkè á tẹ àwọn tìsàlẹ̀ pa. Igun yẹn ni mo bá wọn. A ka 340. Ọmọkùnrin tó ń sùn sí oko náà fara ti ògiri, ohun kan náà ló ń wí ṣáá: "Ẹ̀rọ ò ké. Mo ń retí kó ké ni." Àpótí mi wà lókè orí wọn níbi tí mo kàn án mọ́, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Mo ń kọ èyí nítorí àwọn tó fẹ́ gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ oko, yàrá ẹja dídì, táńkì omi tàbí ilé oògùn. Wáyà kọ́ ló pa àwọn adìyẹ yẹn, bátìrì kọ́. Kóòdù mi ni, ìyẹn àwọn àṣẹ tí mo kọ fún ẹ̀rọ, àti bí mo ṣe to gbogbo ohun tó wà láàárín àpótí orí ògiri àti fóònù ọwọ́ Màmá. Apá yẹn kì í hàn sí oníbàárà, kì í hàn nínú fọ́tò, nítorí náà a kì í kọbi ara sí i títí yóò fi já.

Ọdún 2019 ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan bẹ̀rẹ̀. Èrò wa ò le: òròmọdìyẹ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fẹ́ ooru bíi 32 sí 35 lórí ìwọ̀n Celsius, bí ó bá lọ sílẹ̀ jù tàbí tó ga jù, kí fóònù ẹni tó ni oko dún. A fi ESP32 sínú àpótí kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ju àtàǹpàkò méjì lọ. A fi DS18B20 tó ń wọn ooru sí i, àti SIM800L tó ń fi síìmù wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì 2G, nítorí lóko, 2G ló máa ń dáni lóhùn nígbà tí àwọn tó kù bá dákẹ́. Ọ̀sán kan péré ló gbà wá kí èyí tó wà lórí tábìlì tó ṣiṣẹ́. A mu mínírà lé e. Mo rò pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo máa ń rántí mínírà yẹn.

Owó dátà ló kọ́kọ́ là mí lójú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 30-30 ni àpótí ń lọ bá server wa, kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba ìròyìn gbogbo oko, ó sì ń gba ọ̀nà tí búráúsà, ohun tí a fi ń ṣí ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, ń gbà. Ohun tó fẹ́ sọ kò ju "33.2" lọ. Ṣùgbọ́n kó tó sọ ọ́, ó ní láti kan ilẹ̀kùn, kí server fi ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ hàn án, kí àwọn méjèèjì dúnàádúrà lórí kọ́kọ́rọ́ àṣírí, kó tó wá sọ "33.2", kó ti ilẹ̀kùn, kó máa lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 30, ó tún dé. Bíi kìlóbáìtì márùn-ún ló ń bá ìkíni lọ, ìgbà 2,880 lójúmọ́, ó ń súnmọ́ mẹ́gábáìtì 15 fún àpótí kan. Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Èkó láti lọ sọ pé "ó dáa", tó padà wálé, tó tún wọkọ̀, òun la jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn.

Ẹnì kan ló júwe MQTT fún mi, ọ̀nà kan tí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láìná dátà púpọ̀. Andy Stanford-Clark àti Arlen Nipper ló ṣe é ní ọdún 1999, fún páìpù epo tó gba inú aginjù kọjá, tó jẹ́ pé sátẹ́láìtì ni wọ́n fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀, owó sátẹ́láìtì sì gun òkè. Nígbà tí mo ka ìtàn yẹn, mo ní, àwọn wọ̀nyí mọ Ẹgbẹ́dá. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: àpótí á ṣí ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, kò ní tì í mọ́. Alárinà kan wà láàárín tí wọ́n ń pè ní broker. Òun ló ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn àpótí, tó ń pín in fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ gbọ́. Ẹrù tí ọ̀rọ̀ kan ń rù lórí lè kéré tó báìtì méjì. Mo sún ìròyìn sí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, owó dátà sì wálẹ̀ débi pé ọ̀rẹ́ mi rò pé síìmù ti bàjẹ́.

Ohun méjì mìíràn wà nínú MQTT tó wù mí gan-an. Àkọ́kọ́, lóòrèkóòrè ni àpótí ń sọ fún broker pé "mo wà o", kódà bí kò ní ìròyìn. Èkejì, ó lè fi ìwé ìhágún sílẹ̀ lọ́dọ̀ broker nígbà tó bá ń wọlé: "Bí mo bá kú lójijì, ẹ bá mi kéde báyìí." Mo bá to ojú-ìwé wa lé èyí lórí. Àpótí tó bá ń sọ "mo wà", àwọ̀ ewé. Èyí tí broker bá ka ìhágún rẹ̀, pupa. Ó rẹwà. Ọ̀nà tí mo gbà pa òròmọdìyẹ Màmá nìyẹn, mo kàn ò tíì mọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n yára kọjá lórí ọ̀rọ̀ iná, nítorí wáyà ni, àmọ́ ó ṣe pàtàkì sí ohun tó ń bọ̀. SIM800L máa ń já iná gbà tó ámpíà 2 lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá ń bá ọ̀pó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀. Wáyà tí mo lò tín-ín-rín. Bí ó bá ti já a gbà báyìí, ESP32 á dákú, á sì tún jí. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Mo bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún odindi ọdún kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìwó Road ló wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi kàpásítọ̀ ńlá tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì lo wáyà tó nípọn." Kàpásítọ̀ ló máa ń tọ́jú iná díẹ̀ de irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Kí ọdún 2021 tó parí, a ti ṣe é sí gbogbo àpótí. Wọn ò dákú mọ́. Èyí tó kọ́kọ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìkú, mo ya fọ́tò rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi.

Láàárín àkókò yẹn, server náà ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo tún broker bẹ̀rẹ̀, ohun tí kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ. Wákàtí méjì ni kò fi gbérí. Mo ti kọ ọ́ sínú àpótí pé bí o bá já, gbìyànjú padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí mícrà kan ṣoṣo bá dúró ní Ìwó Road ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí èrò tó lé ní ọgọ́rin rọ́ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ pọ̀, ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò wọ̀ ọ́. Gbogbo àpótí ń fẹ́ dúnàádúrà kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, server olówó pọ́ọ́kú wa kò rí ọwọ́ tí yóò fi dá ẹnì kankan lóhùn, wọ́n já, wọ́n tún rọ́ dé. Oògùn rẹ̀ kò ju ìlà kóòdù mẹ́ta lọ: bí o bá kùnà, dúró ìlọ́po méjì iye tí o dúró tẹ́lẹ̀, kí o sì fi ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan tí o ṣà bó ṣe wù ọ́ lé e, kí ìwọ àti àwọn tó kù má baà padà dé pọ̀. Mo ti mọ èyí nínú ìwé. Mo kàn rò pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Ìwé-ẹ̀rí ni ó kàn. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, aago mẹ́ta ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ìṣẹ́jú kan, ni gbogbo àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í di pupa lọ́kọ̀ọ̀kan. Broker kò ní nǹkan kan. Àwọn àpótí ló ń kọ̀ ọ́, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Nínú ikùn wọn, mo fi ìwé-ẹ̀rí àgbà kan ṣoṣo sí, DST Root CA X3, tí wọn yóò fi mọ̀ pé server wa gan-an ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ìwé yẹn, ọdún 2000 ni wọ́n ti ṣe é, ọjọ́ tí yóò kú sì wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i: ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Ọdún 21 gbáko. Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ ti ń kìlọ̀ tipẹ́. Èmi ò kà á, nítorí mo ti dà á kọ láti inú àpẹẹrẹ ẹlòmíràn láìwo ọjọ́. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé ọ̀nà tí mo lè gbà fi ìwé tuntun ránṣẹ́ gba inú ilẹ̀kùn kan náà tí wọ́n ti tì mọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gun ọ̀kadà láti oko dé oko, tèmi ti kọ̀ǹpútà alágbèéká lórí itan, àkàbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lónìí, ìwé-ẹ̀rí àgbà mẹ́ta ló wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò kú sì wà lára kàlẹ́ńdà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ ìbí ìyá mi.

(Ìbátan rẹ̀ ni ti aago. ESP32 tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí kò mọ ọjọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970 ló rò pé òun wà. Ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ṣe ní 2021, lójú rẹ̀, wọn ò tíì ṣe é, nítorí náà kò ní gbà á. Ẹ jẹ́ kó béèrè àkókò lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, tàbí kí ẹ ra aago kékeré oníbátìrì sí i.)

Ọ̀rọ̀ olè náà wà. Ní oko kan ní ọ̀nà Ìwó, wọ́n yọ síìmù wa, wọ́n fi ń wo fídíò. Dátà oṣù kan tán lọ́jọ́ méjì. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi rántí pé pásíwọ́ọ̀dù kan náà ni gbogbo àpótí fi ń wọ broker: ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń tú ọ̀kan, ó ti tú gbogbo wọn. Ohun tí Mirai, kóòdù burúkú tó ń gba ẹ̀rọ mọ́ olóhun lọ́wọ́, jẹ yó ní ọdún 2016 kò ju èyí lọ, pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n bí mọ́ ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò yí padà, lórí kámẹ́rà àti ráútà káàkiri ayé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n fi àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọlu Dyn, ilé-iṣẹ́ tó ń júwe ọ̀nà àwọn ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì fún búráúsà; Twitter àti àwọn mìíràn sì di àwátì fún wákàtí púpọ̀ ní Amẹ́ríkà. Mo fún àpótí kọ̀ọ̀kan ní pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́ àfi lórúkọ ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta orí ọ̀kadà, mo búra pé n kò ní gun àkàbà mọ́. Mo tún bí àpótí ṣe ń gba kóòdù tuntun kọ: ààyè méjì ni ESP32 lè ní fún kóòdù. Á gba tuntun sínú ààyè kejì, á gbé e wò; bí tuntun kò bá lè dé ọ̀dọ̀ broker, á padà sí ti àtijọ́ fúnra rẹ̀. Mo ti fi ààyè kan ṣoṣo pa àpótí mẹ́rin tẹ́lẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já ní ìdajì, àtijọ́ ti lọ, tuntun kò pé. Ètò ààyè méjì dára, mo ṣì ń lò ó. Ohun tí mo fi ṣe ni kò dára.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2022, mo ní kí gbogbo àpótí gba kóòdù tuntun sílẹ̀ láàárín ọ̀sán, kí wọ́n sì dúró de àṣẹ mi. Aago mẹ́wàá alẹ́, mo tẹ bọ́tìnì kan. Àpótí 87 kú lẹ́ẹ̀kan náà, àpótí 87 jí lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n pa dà dé ní àwọ̀ ewé bí ìgbà tí wọ́n tan iná sí ọjà alẹ́. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé ibí yìí. Kàǹtà kan wà nínú irú ẹ̀rọ yìí tó ń ka àkókò láti ìgbà tó ti jí, ó ń ka ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ibi tó lè kà dé ni 4,294,967,295. Bí ó bá débẹ̀, á padà sí òdo, bíi míítà mọ́tò àtijọ́ tó bá ka 99,999 tán. Iye yẹn jẹ́ ọjọ́ 49, wákàtí 17, ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ló mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo tilẹ̀ rò pé mo ti wò ó sàn.

Bí kóòdù mi ṣe ń ṣe nìyí: lẹ́yìn ìròyìn kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìṣẹ́jú kan kún iye tí kàǹtà wà, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé "bí kàǹtà bá dé iye yìí, sọ̀rọ̀". Mo ti kà pé iye yẹn lè kún jù, nítorí náà mo fi ààyè nọ́ńbà tó tóbi gbà á, oní-bíìtì 64 (bí bíìtì bá ṣe pọ̀ tó ni nọ́ńbà tó lè gbà ṣe ń tóbi tó), kó má baà kún láéláé. Mo fi yangàn. Ṣùgbọ́n kàǹtà gan-an ṣì jẹ́ bíìtì 32. Ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn kí kàǹtà tó yípo, kóòdù mi kọ iye kan sílẹ̀ tó ju ibi tí kàǹtà lè dé lọ. Ẹni tí wọ́n bá ní kó wá gba owó rẹ̀ ní ọjọ́ 35 oṣù, á dúró. Á dé ọjọ́ 31, á rí i pé oṣù tún padà sí ọjọ́ kìíní, á tún máa dúró. Kò sí ọjọ́ tí yóò gbà á.

Tí mo bá ti béèrè "ó ti tó iye wo láti ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?", tí mo yọ iye àtijọ́ kúrò nínú iye ìsinsìnyí láàárín bíìtì 32 kan náà, ìyọkúrò yẹn á tún ara rẹ̀ ṣe, kódà bí kàǹtà bá yípo. Ìlà kan ni. Gbogbo àkókò tí wáyà tín-ín-rín fi ń pa àwọn àpótí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kò sí èyí tó pé ọjọ́ 49 rí. Àìsàn kan ló ń fi òmíràn pa mọ́. Ìgbà tí mo wo ti iná sàn ni mo fún èkejì láyè láti dàgbà.

Ẹ ka ọjọ́ 49, wákàtí 17 àti ìṣẹ́jú méjì láti aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Kejì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 26 oṣù Kẹta, aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú méjì. Inú oko Màmá ni mo jókòó sí, orí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, nígbà tí mo ṣí ìwé ìrántí broker tí mo rí i. Oko Màmá, 15:02. Èyí tó tẹ̀ lé e, 15:02. Gbogbo wọn. Àpótí 87 ti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wọn ní ìṣẹ́jú kan náà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ fún wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn oko tó kù bọ́ nítorí wọn ò ní òròmọdìyẹ kékeré lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, tàbí nítorí ìjì yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Kí ló dé tí ojú-ìwé fi wà ní àwọ̀ ewé? Apá kóòdù tó ń sọ "mo wà o" fún broker, èmi kọ́ ló kọ ọ́. Láti inú iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ni mo ti gbé e, wọ́n sì ti yọkúrò bó ṣe yẹ kí wọ́n yọ ọ́. Kò yípo, kò ṣìnà. Nítorí náà àpótí ń sọ "mo wà, mo wà" títí ilẹ̀ fi mọ́, láìsọ bí ibẹ̀ ṣe tutù tó. Broker kò rí òkú, kò ka ìhágún. 33 tí mo rí lórí bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Mo ti ní kí broker máa pa ìròyìn ìkẹyìn mọ́ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ojú-ìwé má baà ṣófo. Ìròyìn aago mẹ́ta ọ̀sán àná ló gbé fún mi ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, mi ò sì kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí n lè mọ̀. Òfin tó ń pe fóònù, orí server ló wà: bí ìròyìn bá dé tí kò pé 28, pè wọ́n. Ìròyìn kò dé. Òfin kò rí nǹkan kan ṣe.

Àdúgbò tí mo dàgbà sí, bí Bàbá kan bá wà tó máa ń jókòó síta láràárọ̀, tí aago mẹ́jọ bá lù tí kò jáde, ẹnì kan á lọ kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tí yóò ní kí Bàbá kọ́kọ́ ké gbàjarè ká tó lọ wò ó. Mo mọ èyí láti kékeré, mo wá lọ kọ ohun tó ń retí kí ẹni tó dákú pariwo. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni aṣọ́nà kan lórí server tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kíka ìṣẹ́jú lọ: oko wo ni kò tíì sọ iye ooru láti ìṣẹ́jú márùn-ún? Pè wọ́n. Mo pe orúkọ rẹ̀ ní ejire, láti inú "ẹ jí ire". Ọmọ iṣẹ́ wa rò pé ìbejì ni mo ní lọ́kàn, ó sì ti gbé méjì kalẹ̀ kí n tó sọ fún un. A fi méjèèjì sílẹ̀, ọ̀kan ń ṣọ́ èkejì, lórí server ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó bọ́gbọ́n mu ju ohun tí mo rò lọ.

Mo tún kọ ọjọ́ orí sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo nọ́ńbà: "33, ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn." Bí ó bá ti ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nọ́ńbà náà á parẹ́, àmì ìbéèrè á jókòó sípò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní yóò da jìnnìjìnnì bo oníbàárà. Mo ní ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Kóòdù tuntun, orí àpótí tó wà nínú yàrá mi ló ń lò ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà oko márùn-ún, lẹ́yìn náà ìyókù, díẹ̀díẹ̀, kò sì sí méjì tó ń jí ní ìṣẹ́jú kan náà mọ́. Ẹ má dúró ọjọ́ 49 kí ẹ tó dán ti kàǹtà wò: ẹ bẹ̀rẹ̀ kàǹtà láti ibi tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kó yípo, ẹ jókòó, ẹ máa wò ó. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo tún máa ń yọ síìmù àpótí kan láìsọ fún ẹnì kankan, láti mọ iye ìṣẹ́jú tí yóò gbà kí ẹnì kan tó pè mí. Ìgbà àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó pè. Nọ́ńbà fóònù mi tí ejire ń pè ni mo kọ ní àṣìkọ.

Èyí tó gba owó jù ni pé mo kó òfin tó ń pe fóònù kúrò lórí server. Àpótí fúnra rẹ̀ ló mọ 28 báyìí. Ó ní fèrè tirẹ̀ lórí ògiri, ó sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ tààrà láti inú síìmù sí fóònù ẹni tó ni oko. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ ní ìhà Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dojú rú ní Nàìjíríà àti káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Server wa wà ní Jámánì. Oko Màmá sí ilé Màmá kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ lórí ọ̀kadà, àmọ́ láti ọdún 2019 ni ìròyìn oko yẹn ti ń gba abẹ́ òkun dé Jámánì kó tó padà wá bá wọn nílé. Mi ò ronú kàn án rí àfi lọ́jọ́ yẹn.

Mo san owó òròmọdìyẹ 340 náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Màmá gbà á, wọn ò ní kí n gbé ẹ̀rọ mi lọ, wọn ò sì bá mi ṣàwàdà fún bí ọdún kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí okùn já yẹn, mo pè wọ́n láti kìlọ̀ pé ojú-ìwé kò ní ṣí. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé kò ṣí. Àwọn ò wò ó mọ́ láti ọdún 2022. Bí wọ́n bá ti kó òròmọdìyẹ dé, oko ni wọ́n ń sùn, aago méjì òru ni wọ́n ń jí, wọ́n á gbé tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ikùn mẹ́ta mẹ́rin wò. Mo bi wọ́n pé, kí ló wá dé tí wọ́n fi ń san owó ẹ̀rọ lóṣooṣù?

"Nítorí ọjọ́ tí oorun bá gbé mi lọ ni, Ẹnjiníà," wọ́n ní. "Ẹ̀yin náà, ẹ lọ sùn."